Bí A Ṣe Ń Padà Sórí Kẹ̀kẹ́ Àpáta Lẹ́yìn Ìfarapa

Ní ìparí òjò èṣí, mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀, níbi tí àpáta dúdú ti yọ sókè láàárín ilẹ̀ pupa. Òjò ti rọ̀ lóru, àpáta ń dán. Mo fún bíréèkì iwájú pinpin, táyà yọ̀, mo sì gba orí háńdù kọjá. Ọwọ́ òsì ni mo kọ́kọ́ nà sílẹ̀. Mo gbọ́ bí eegun ṣe ró. Eegun tó ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ dé orí èjìká, èyí tí mo máa pè ní eegun èjìká níhìn-ín, ló kán sí méjì. Oṣù márùn-ún ni mo fi padà dé orí àpáta yẹn. Ọ̀nà tí mo gbà ni mo fẹ́ là sílẹ̀, torí pé láti ìgbà tí ara mi ti yá, àwọn èèyàn kò yéé bi mí pé, "Bọ̀dá, báwo lẹ ṣe ṣe é tí ẹ tún fi lè gun nǹkan yìí?"

Kẹ̀kẹ́ tí mò ń wí kì í ṣe Márúwá tó ń kó èrò láti Pansẹ́kẹ̀ lọ sí Kútọ̀ o. Básíkùlù ni, kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí táyà rẹ̀ sanra tó ní eyín gàǹgà-gàǹgà, tí fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ń rì tó sì ń dìde bó bá kọlu òkúta. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní California ní Amẹ́ríkà ló dá eré yìí sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń fi básíkùlù àtijọ́ já wálẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Òkè Tamalpais. Ní 1996, ó wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Ẹni tó bá mọ Abẹ́òkúta, ìlú wa, á mọ̀ pé eré yìí bá ilẹ̀ wa mu: òkúta la fi sọ ìlú lórúkọ.

1. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ ohun tó ṣe yín

Orí ló ṣáájú. Bí ẹ bá fi orí gbá nǹkan, bí àṣíborí tiẹ̀ wà lórí yín, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ padà wálé lọ́jọ́ náà. Bí ẹni tó ṣubú bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ rẹ̀ ń le sí i, tí oorun ń kùn ún ṣáá, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, tàbí tí ọmọlójú kan fẹ̀ ju èkejì lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má sọ pé kó kọ́kọ́ sùn ná. Bí kò bá tiẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn, bí ọpọlọ bá ṣáà ti mì, ìsinmi ọjọ́ kan sí méjì ló kàn, kí ẹ sì dín fóònù wíwò kù. Lẹ́yìn náà, ẹ máa padà díẹ̀díẹ̀: ìrìn ẹsẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ eré ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ èyí tó le díẹ̀ sí i, wákàtí 24 ó kéré tán láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bí orí bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú. Ẹni tí orí rẹ̀ kò tíì dá kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́, bí eegun rẹ̀ tiẹ̀ le bí irin.

Lẹ́yìn orí, eegun. Ẹ lọ ya X-ray. Mo mọ bí a ṣe máa ń ṣe nílé: a ó fi omi gbígbóná jó o, a ó fi òróró pa á, a ó ní ó kàn fi rọ́ ni. Eegun tó ṣẹ́ lè má yọ síta, ó sì lè jẹ́ pé kìkì pé ó ń wú ni ẹ máa rí. Ní Abẹ́òkúta, ẹ lè lọ sí Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà tàbí ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè. Bí ìka ọwọ́ bá ń kú, tí eegun bá ń ti awọ sókè bí ẹni fẹ́ lu ú já, tàbí tí èémí kò bá já gaara, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bí ojú ọgbẹ́ bá wà, tó kó erùpẹ̀, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ̀tánọ́ọ̀sì.

Mi ò ní tàbùkù àwọn tó ń to eegun nílẹ̀ wa. Wọ́n to ẹsẹ̀ bàbá bàbá mi, ó sì fi rìn títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi igi àti ọ̀já di apá jù kò ṣeé fi ṣeré: ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ìka á tutù, á ṣú, kò ní mọ ìfọwọ́kàn mọ́, ẹran ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Apá tí ì bá jinná ni wọ́n á wá gé. Nítorí náà, X-ray kọ́kọ́. Bí ìdílé bá sì fi dandan lé e pé ẹ máa lọ sọ́dọ̀ baba tó ń to eegun, ẹ máa tẹ èékánná yín wò: bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa funfun, kó sì padà pọ́n kíákíá. Bí kò bá padà pọ́n, ẹ tú ọ̀já náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ.

2. Ọ̀sẹ̀ tí apá fi wà lọ́rùn

Eegun èjìká àgbàlagbà sábà máa ń so pọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, dé ìwọ̀n tí a fi lè ṣe iṣẹ́ ilé. Ṣùgbọ́n fún eré tí èèyàn ti lè ṣubú, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni, dókítà á sì fẹ́ rí X-ray tuntun kó tó yọ̀ǹda. Kò pọn dandan kí wọ́n la ti gbogbo ènìyàn; ọ̀pọ̀ ló ń so fúnra rẹ̀ nínú ọ̀já tí a fi gbé apá kọ́rùn. Ọ̀já ni wọ́n fi ṣe tèmi.

Ibí yìí ni ìgbàgbọ́ mi ti kọ́kọ́ rí ìdánwò, kò sì wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá àgbà kan níbi tí a ti ń jọ́sìn dì mọ́ mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bọ́ ọ̀já yìí sọnù, kí o wá jẹ́rìí. Ẹni tó gbàgbọ́ kì í gbé apá kọ́rùn." Ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Mo tẹrí ba, torí pé ìdọ̀bálẹ̀ kò ṣeé ṣe, mo ní, "Ẹ ṣé mà. Ọlọ́run kan náà ló fún dókítà lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí n bọ́ ọ, ẹ̀yin ni ẹ ó bá mi tú u." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà pé tí dókítà ní ó yá, ilé wọn ni mo gbà lọ. Ọwọ́ wọn ló tú ìdè náà. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e la jọ jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ẹ̀rí lé yín léré, ẹ fi sùúrù dá a lóhùn, ẹ má bá a jà, ẹ má sì bọ́ ọ̀já. Ẹni tó gbàdúrà kí eegun so, tó wá ń gbọ̀n ọ́n kó tó so, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń tú ohun tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń dì. Àdúrà tèmi nígbà náà ni pé kí Ọlọ́run fún mi ní sùúrù, torí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń tà ní Ìtòkú.

Ẹ má jẹ́ kí àkókò tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́ di òfo. Aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé ni a máa ń jáde tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́fà yẹn, mo ń wo àjà ilé, inú mi sì bàjẹ́ gidigidi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo sọ ọ́ di àkókò àdúrà àti ìrìn ẹsẹ̀ yí àdúgbò ká. Àwọn ọ̀rẹ́ mi wá ń ya ilé mi bí wọ́n bá ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà, erùpẹ̀ pupa dé orókún wọn, wọ́n á mu ògì, wọ́n á jẹ àkàrà, wọ́n á sọ ibi tí àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà tuntun. Nígbà tí mo fi máa padà, mi ò di àlejò láàárín wọn.

Ọ̀kan nínú wọn mú ìtàn Tom Pidcock wá. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni; ọkọ̀ gbá a nígbà tó ń dánra wò ní ìparí oṣù karùn-ún 2021, eegun èjìká rẹ̀ ṣẹ́, ó sì gba wúrà kẹ̀kẹ́ àpáta ní Òlíḿpíìkì Tokyo ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún náà. Ọ̀sẹ̀ 8 péré! Ìtàn náà gbé mi ró fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó fẹ́ bà mí jẹ́, torí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì láàárín wa ló pè mí sí ìtura: iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ṣe fún ọkùnrin yẹn, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sì ni kẹ̀kẹ́ gígùn, àwọn dókítà eléré ìdárayá ń tọ́jú rẹ̀ lójoojúmọ́. Kálẹ́ńdà tirẹ̀ kì í ṣe tèmi, kì í sì ṣe tiyín.

Ní ti oúnjẹ, ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹyin, ẹja tí a lè jẹ teegun-teegun, wàràkàṣì, ẹ̀fọ́. Ẹni tó ń mu sìgá, kó fi í sílẹ̀, torí ó máa ń fa ìsopọ̀ eegun sẹ́yìn. Kí ẹ sì máa ká ìka, kí ẹ máa na ìgúnpá bí dókítà bá ti gbà yín láyè, kí oríkèé má bàa gan.

3. Kí iṣan náà tó gbọ́ràn

Nígbà tí mo bọ́ ọ̀já, apá mi ti tín-ín-rín bí apá ọmọdé. Mi ò lè gbé ìgò omi sókè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ má bẹ̀rù. Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹ lọ bá fisiotẹ́rápíìsì, ẹni tó ń fi eré ìdárayá dá agbára padà sára. Ohun tí tèmi fún mi ṣe rèé, ní títẹ̀léra.

Ẹ fi ọwọ́ tó dá di tábìlì mú, ẹ tẹ̀ síwájú, kí apá tó fara pa rọ̀ sílẹ̀, kó máa fì bí agogo ara ògiri. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dúró kojú ògiri, kí ẹ máa fi ìka gùn ún díẹ̀díẹ̀ bí ọmọńlé. Ẹ sàmì sí ibi tí ẹ dé pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ẹ ó rí i pé àmì ọ̀la á ga ju tòní lọ. Ìyàwó mi kò fẹ́ràn ṣọ́ọ̀kì lára ògiri pálọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ló ń wá wò ó lálaalẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, títi ògiri: ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ ti ara yín padà. Láti ògiri, ó kan orí tábìlì. Láti tábìlì, ó kan ilẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti ògiri dé ilẹ̀. Bí ìrora bá jẹ́ ti iṣan tó ń ṣiṣẹ́, ẹ máa bá a lọ. Bó bá jẹ́ ìrora tó gún bí abẹ́rẹ́ níbi tí eegun ti ṣẹ́, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú yín.

Òṣùwọ̀n tí ó fún mi kí n tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ ni mẹ́ta: kí n ti ara mi sókè nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìsí ìrora, kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé kẹ̀kẹ́ dé ìbàdí kí n sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀, kí n sì lè yí orí wẹ̀yìn lápá méjèèjì láìjẹ́ pé èjìká há. Mo kùnà nínú ẹ̀kejì lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ẹsẹ̀, àwa ará Abẹ́òkúta kò nílò ilé eré ìdárayá. Ẹ gun àtẹ̀gùn Olúmọ. Òkè náà ga tó mítà 137 sí ojú òkun, àtẹ̀gùn rẹ̀ á sì mú itan yín gbọ̀n. Ẹ fi ẹsẹ̀ gùn ún o! Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Ibi tí àwọn baba wa sá pamọ́ sí nígbà ogun ni, ojúbọ ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe pápá eré wa. Mo máa ń jókòó lókè lẹ́yìn tí mo bá gùn ún tán, tí mo bá ń wo páànù pupa àwọn ilé ní ìsàlẹ̀, tí mo sì ń sọ̀rọ̀ sí Ọlọ́run láìpariwo.

4. Ẹ yan àwọn tí ẹ ó jọ lọ

Má dá gùn ún. Bí ó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ máa mú nínú ohun tí mo kọ, ẹ mú èyí.

Ẹni mẹ́ta ló mú mi padà. Bọ̀dá Wẹ́dà ti lé ní àádọ́ta ọdún, kì í bá ẹnikẹ́ni sáré, bí ọ̀nà bá sì le, á sọ̀kalẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ láìtijú. Ìwọ̀n eré tirẹ̀ ni a fi ṣe ìwọ̀n eré gbogbo wa. Àǹtí Nọ́ọ̀sì ni a fún ní àṣẹ láti dá ìrìn dúró. Ẹ̀kẹta ni Ááfà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé kéú, ẹni tó mọ ìgbà tí kò yẹ kí èèyàn sọ ohunkóhun. Èmi ń kígbe Jésù, òun ń ké Bìsìmílà, Ọlọ́run tó ń gbọ́ wa kò tíì ní ká lọ ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ jọ ṣe àdéhùn kí ẹ tó jáde, kí ẹ sì sọ ọ́ lẹ́nu. Tiwa ni pé bí ẹnikẹ́ni bá ti ní "Ó tó," ilé yá nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn, kò sí "ẹ jẹ́ ká kàn dé ibẹ̀ yẹn." Ẹni tó ń padà bọ̀ láti inú ìfarapa ni yóò wà láàárín: ẹnì kan níwájú rẹ̀ tó ń fi ọ̀nà hàn án, ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ya fídíò rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, torí pé kámẹ́rà máa ń mú èèyàn gun ohun tí ara rẹ̀ kò tíì gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣubú náà, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀rù yín kí táyà tó yí. "Ẹ̀rù ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ń bà mí lónìí" tó, kò sí àlàyé mìíràn.

Ọ̀rẹ́ kan á wà tó máa ń ní, "Ṣé o ti di ojo ni?" Ẹ má bá a ṣọ̀tá, ẹ kàn má pè é fún oṣù mẹ́ta yẹn. Mo ní irú rẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀, a jọ ń jẹun, ṣùgbọ́n kò mọ ọjọ́ tí a máa ń jáde.

Ẹ gba agbára sí fóònù. Ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ń gbà àti wákàtí tí ẹ máa dé fún ẹnì kan nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ní gbogbo ìgbèríko Ọ̀dẹ̀dá. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112. Ẹ kọ orúkọ yín, irú ẹ̀jẹ̀ yín àti nọ́ńbà ẹbí kan sínú káàdì, kí ẹ fi rọ́bà dì í sínú àpò.

5. Kẹ̀kẹ́ náà ṣubú pẹ̀lú yín

Àṣíborí tó bá ti gba ìkọlù kan ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Fóòmù inú rẹ̀ máa ń rún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, ojú kò sì lè rí i láti ìta. Ẹ ra òmíràn. Tòkunbọ̀ lè dára fún kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ra àṣíborí tòkunbọ̀; ẹ kò mọ orí ẹni tó kọ́kọ́ gbà là.

Ẹ nu háńdù mọ́, kí ẹ wá ibi tó sán, pàápàá nítòsí ibi tí wọ́n ti dè é mọ́ fọ́ọ̀kì. Ẹ yí rímù kí ẹ wò ó bóyá ó ń jó. Bọ̀dá Wẹ́dà rí i pé háńdù tèmi ti tẹ̀ díẹ̀. Mo ní kó bá mi nà án, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní irin tó bá ti tẹ̀ tí a tún nà, ibẹ̀ náà ni yóò ti kán. Òun tí iṣẹ́ irin ń bọ́ ló sọ ọ́, mo ra tuntun.

Ní ti táyà, fọkanáísà tó mọwọ́ ọ̀kadà á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi máa dún bí ìlù. Ẹ má gbà fún un. Táyà kẹ̀kẹ́ àpáta tó bá le jù máa ń ta kúrò lórí òkúta. Ẹ wo ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Èmi ń lo nǹkan bí 28 psi.

6. Ọ̀dà, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa

Ojú ọ̀dà tó tẹ́jú ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láàárọ̀ kùtù kí ọkọ̀ tó pọ̀. Àwa lo títì fẹ̀ǹfẹ̀ ní agbègbè Òkè-Mosàn. Ìṣẹ́jú 20 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ara tiẹ̀ ń fẹ́. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe é, kí ẹ sì máa kọ́ ọwọ́ àti ojú lẹ́ẹ̀kan sí i: ìka kan péré lórí bíréèkì kọ̀ọ̀kan, ìyókù ká mọ́ háńdù. Ẹ dìde kúrò lórí síìtì, kí pẹ́dà méjèèjì dọ́gba, kí gìgísẹ̀ rẹlẹ̀, kí ìgúnpá tẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kó gbé ìwúwo yín. Bí ọwọ́ bá ń gbé e, èjìká á sọ fún yín lálẹ́.

Ibi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ máa wò. Òkúta tí ẹ bá tẹjú mọ́ ni táyà yín máa lọ bá.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ pupa, ní ìhà Alábàtà. Ní àsìkò ọyẹ́, eruku àti òkúta wẹ́wẹ́ máa ń bo orí ilẹ̀ líle, táyà á máa yọ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń rìn lórí àgbàdo. Ẹ dín eré kù kí ẹ tó dé kọ́nà, ẹ má dúró di inú rẹ̀. Ohun kan náà ni ti àpáta, àṣìṣe tó sì ṣẹ́ mi léegun nìyẹn: bíréèkì iwájú ló lágbára jù, bí ẹ bá fún un lójijì lórí òkúta tó tutù, táyà á lọ. Ẹ ti dín eré kù tán lórí ilẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ wá yí geere kọjá lórí òkúta. Mo fi agbe omi dà sórí òkúta pẹlẹbẹ kan tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀, mo sì gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójoojúmọ́ tí a bá jáde, títí ọwọ́ mi fi gbàgbé àṣà burúkú yẹn. Bí ìṣubú bá sì dé, ẹ ká apá mọ́ àyà kí ẹ yí; ọwọ́ tí a nà sílẹ̀ ló ń ṣẹ́ eegun èjìká àti ọrùn ọwọ́.

Ẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣe ilẹ̀ pupa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

7. Ibi tí ẹ ti ṣubú

Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Eegun mi ti le, X-ray ti jẹ́rìí sí i, síbẹ̀ bí a bá ti yà sí ọ̀nà Òṣíẹ̀lẹ̀, ìka mi á gan mọ́ háńdù. Ẹ má fi agbára lé irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ẹsẹ̀ lọ.

Ní Sátidé kan lóṣù kẹta, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, àwa mẹ́rin rìn lọ síbẹ̀. Mo jókòó sórí àpáta náà. Ó kéré sí bí mo ṣe ń rí i lójú àlá. Kò ga tó ìbàdí mi. Bọ̀dá Wẹ́dà gbàdúrà, Ááfà ní "Àmín," ó sì gbàdúrà tirẹ̀, a ní "Àmín." A jọ wá ọ̀nà lórí àpáta náà: ibi tí táyà máa gbà, ibi tí mo ti máa fi bíréèkì sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a gbé kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tí mo fẹ́ gùn, Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbé ìka lé ọrùn ọwọ́ mi, ó wo aago, ó ka bí ọkàn mi ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan, ó jẹ́ 118, bẹ́ẹ̀ mo ti dúró jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní, "Ó tó." A padà sílé. Inú bí mi títí a fi dé Adátán, lẹ́yìn náà mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ka 84. Ohun tí mo ṣe ni kí ẹ ṣe. Mo kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, mo gun ìdajì ìsàlẹ̀ nìkan lẹ́ẹ̀mẹta, Bọ̀dá Wẹ́dà dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì níbi tí mo ti ṣubú, ó la apá sílẹ̀ bí ẹni fẹ́ gba ọmọ. Mo mí sínú, mo jẹ́ kí èémí tó ń jáde gùn ju èyí tó wọlé lọ. Mo wo igi àgbálùmọ̀ kan ní ìsàlẹ̀, mi ò wo àpáta. Mo gun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kẹ̀kẹ́ rì, ó dìde, mo wà nílẹ̀ pupa. Kò sẹ́ni tó pariwo. Ááfà wá dúró tì mí, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká ọ̀tún, omi sì ń dà lójú mi. Mo fẹ́ tún un ṣe, gbogbo wọn ní "Ó tó" lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ dúró nígbà tó ṣì ń dùn.

8. Àárọ̀ ọjọ́ kejì

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló ń sọ bóyá ìrìn àná pọ̀ jù. Bí èjìká bá ṣì ń ro yín kọjá wákàtí 24, ẹ padà sí ohun tí ẹ ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Mo padà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní oṣù kẹrin, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí ewé tútù bo àpáta. Bí òjò bá rọ̀ lóru, a kì í gun àpáta láàárọ̀. Ilẹ̀ pupa tàbí ọ̀dà la ń gbà, tàbí ká kàn pàdé ká jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà.

Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a máa pàdé lẹ́nu ọ̀nà Bọ̀dá Wẹ́dà. Arákùnrin kan tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́ lóṣù kejì á wà pẹ̀lú wa fún ìgbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú 20 lójú ọ̀dà. Àárín ni yóò wà. Èmi ni mo máa wà lẹ́yìn rẹ̀.